Àgbàrá Inú Áyọ́ọ̀nù

                                        Ṣọ́ọ̀bù Mùíbì Oníṣẹ́-Iná,
                                        Alẹ́kúwodò, Òṣogbo.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Kàósárà, ọmọ ìyá mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Màmá Raliat tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ṣé òtútù ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà? Ní tiwa, alihamudulilahi, ara le. Kí o tó fi àmì ohùn mi rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo fi gbogbo wọn sí i o!

O rántí pé nígbà tí mò ń kúrò lọ́dọ̀ yín, o ní n ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára. Bọ̀dá Mùíbì, àbúrò màmá wa tó ń kọ́ mi níṣẹ́ iná, ní n ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà títí n ó fi lè fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀kan, kó sì yé ẹni tó ni ín. Orúkọ tó wà lójú mítà nìkan ni mo lè pè lóyìnbó. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Phebe, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tó ń ránṣọ ní ọ̀kánkán wa, fìbínú gbé áyọ́ọ̀nù wọlé. Kò gbóná, yunifọ́ọ̀mù ogún ọmọ iléèwé sì wà nílẹ̀ de Mọ́ńdè. Wọ́n ní, "Kọ́rẹ́ǹtì tó ń kéré yìí ti bà á jẹ́. Ẹ bá mi jù ú nù, kí n lọ ra òmíràn."

Bọ̀dá wò mí.

Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná ṣọ́ọ̀bù wa, féèsì kan náà ni tàwa àti tiwọn, mo fi mítà wò ó: fólítì 144, áńpù 3. Mo ní, "Àǹtí, fólítì ló kéré. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀…"

"Èmi tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, mà. Bí èrò ṣe ń ti ara wọn látẹ̀yìn ni fólítì. Iye tó ń rọ́nà jáde ni áńpù. Bí ẹnu ọ̀nà ṣe há tó ni óòmù. Ẹ fi 3 pín 144, ó jẹ́ 48. Wọ́n sì kọ wáàtì 1200, fólítì 240 sára áyọ́ọ̀nù yín. Ẹ fi 240 pín 1200, áńpù 5 nìyẹn. Ẹ tún fi 5 pín 240, óòmù 48 náà ni! Ẹnu ọ̀nà ò yí padà, áyọ́ọ̀nù ò bàjẹ́. 144 lọ́nà mẹ́ta ni àgbàrá rẹ̀: wáàtì 432 péré nínú 1200."

"Àgbàrá kẹ̀? Òjò wọnú áyọ́ọ̀nù mi ni?"

Kàósárà, agbára ni mo fẹ́ pè! Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé yẹn gan-an ni óòmù!"

Wọ́n yí iná ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Phebe sí féèsì mìíràn, wáyà òpó tí iná tirẹ̀ pọ̀ jù, fólítì di 216. Kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù, mo fi 48 pín in, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 4.5 sára tábìlì. Wọ́n tan án. Mítà náà ní 4.5! Agbára (mo pè é dáadáa wàyí) di 972. Àǹtí Phebe wọ́n omi sáṣọ, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó dún ṣàà. Wọ́n ní, "Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ó yé mi o!"

Bọ̀dá wá fi mítà lé mi lọ́wọ́ fún iṣẹ́ oníbàárà tó kàn, wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí Màmá Raliat, kí o ka èyí sí wọn létí, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ o.

Èmi ọmọ ìyá rẹ tí kò sọ Gẹ̀ẹ́sì,
Munawwarah
(Ìyá Àgbàrá ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mò ń jẹ́ ẹ.)