Ojú Ọ̀tún Àǹtí Mi

                                        Yàrá Kọ̀ǹpútà,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Awò Ojú,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2007.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ tí mo ń pè ní ọ̀wọ́n títí di oṣù tó kọjá,

Báwo ni ìyàwó rẹ? Ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oorun sùn? Màmá rẹ ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé oore tí wọ́n ṣe fún mi. Gbogbo ará ilé rẹ ni mo kí tọkàntọkàn, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìwọ nìkan ni mi ò bèèrè àlàáfíà rẹ. Mo mọ̀ pé ara rẹ le. Irú yín kì í ṣàárẹ̀.

O ní kí ló dé tí mi ò gbé ìpè rẹ mọ́. O tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ṣé mo ti di ẹni ńlá ni, tí mo fi ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Ó dáa, mo ti jókòó. Lẹ́tà ni mo yàn láti kọ, torí bí mo bá gbé fóònù, èébú ni màá fi bẹ̀rẹ̀, èébú náà ni màá fi parí ẹ̀, o ò sì ní gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ. Díẹ̀ ló kù kí Àǹtí mi aránṣọ, àwọn tó tọ́ mi dàgbà, pa iṣẹ́ wọn tì nítorí rẹ. Wọ́n ti gbà pé ojú àwọn ń fọ́.

Ṣé o ṣì rántí pálọ̀ wọn, níbi tí o ti kọ́ mi ní PHP, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀? Orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ la máa ń gbé kọ̀ǹpútà lé. Wọ́n á kó sísọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì wọn kúrò fún wa, wọ́n á lọ fẹ̀yìn ti kọ̀rọ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ rán etí aṣọ lórí itan. Mo ti mọ bí a ṣe ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù tẹ́lẹ̀, lọ́nà tèmi, gbogbo ẹ̀ nínú fáìlì gbọọrọ kan. Ìwọ lo ní ìyẹn ti di ti ará àtijọ́, pé kíláàsì ni ọmọ aráyé ń lò báyìí. Mi ò lóye ẹ̀. O jágbe mọ́ mi títí tí omi fi ń lé ròrò lójú mi. Lẹ́yìn náà lo fa pátánì bébà kan yọ nínú ẹrù Àǹtí, o ní kíláàsì nìyí, pátánì lásán ni, kì í ṣe aṣọ. Aṣọ tí a bá fi gé ni ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Pátánì kan, aṣọ rẹpẹtẹ, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, o mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn nígbà tó bá wù ọ́. O ya pátánì náà sí méjì níbi tí o ti ń jù ú sókè jù ú sódò, o ò sì bẹ Àǹtí.

Ìwọ náà lo mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mi ò ní dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. A jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí Ọ̀gá fi ń gba iṣẹ́ ni. Ọ̀gá á wo ojú oníbàárà, wọ́n á máa pe nọ́ńbà dígí tó bá ojú kọ̀ọ̀kan mu, èmi á máa tẹ̀ ẹ́, ètò wa á wá tẹ bébà jáde fún àwọn tó ń gé dígí nísàlẹ̀. A ní kíláàsì kan tó ń jẹ́ Ojú. O kọ́ mi pé ká kọ́kọ́ dá ojú ọ̀tún, ká kó gbogbo nǹkan sí i, irú dígí, àwọ̀ dígí, nọ́ńbà. Tó bá wá kan ojú òsì, o ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, ṣebí méjèèjì jọra tán, nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. O ní kí n kàn kọ ìlà kan pé ojú òsì bá ojú ọ̀tún dọ́gba, PHP á ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún mi, èmi á wá yí nọ́ńbà ẹ̀dà yẹn padà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, lórí PHP kẹrin tí à ń lò nígbà yẹn. Àìmọye èèyàn ló gba awò lọ́wọ́ wa, ayé sì ń lọ wẹ́rẹ́.

Kí o tó fi wá sílẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń ṣe tíṣà báyìí, o gbé wa sórí PHP karùn-ún. Ọjọ́ tí a ń ṣe ìdágbére fún ọ gan-an lo ṣe é, o dì mọ́ mi, o bá tìẹ lọ. Ohun tí o ò sọ ni pé PHP karùn-ún kì í ṣe ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí mo bá kọ pé ojú òsì bá ojú ọ̀tún dọ́gba, kò ní dá ojú kejì kankan. Ojú kan ṣoṣo yẹn náà ni yóò sọ ní orúkọ méjì. Tí mo bá wá tẹ nọ́ńbà òsì, tọ̀tún ti bá a lọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò sì ní wí nǹkan kan. Gbogbo awò tó jáde lẹ́yìn rẹ, dígí òsì ni wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹni tí ojú ẹ̀ méjèèjì bá jọra kò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ń ráhùn pé orí ń fọ́ àwọn, pé ilẹ̀ ń gòkè. Ọ̀gá ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bí awò tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi náà bá wọn sọ ọ́, mo ń fi ẹ̀rín sí i. Nígbà tí ìráhùn wá ń pọ̀, mo pè ọ́, mo bi ọ́ pé láti ìgbà tí o ti gbé wa sórí tuntun, ṣé kò sí ohun tó yí padà nínú bí kíláàsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo tún sọ fún ọ pé Àǹtí náà ti gba tiwọn. O ní kò sí ohun tó yí. O ní kí n lọ wo ìka tí mo fi ń tẹ nọ́ńbà, pé mo ṣáà máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. O bú sẹ́rìn-ín. Èmi òpònú náà bá ọ rín in.

Láti kékeré ni ojú ọ̀tún Àǹtí ò ti mú tó ti òsì, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀. Wọ́n gbé awò náà sójú níwájú mi, wọ́n ní ó dára. Ohun tó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni pé èmi ni mo ṣe é fún wọn. Wọn ò sọ fún mi pé ojú rírán ti ń wọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n á rán kọ́là, á ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán, á tún ṣẹ́. Oníbàárà kan gbé aṣọ padà wá, ó jù ú sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní ẹni tí ojú ẹ̀ ti lọ kò yẹ kó máa gba aṣọ ọmọlọ́mọ. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ọjọ́ tí mo ṣèèṣì yà kí wọn, mo bá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tí wọ́n ti fi aṣọ bò, tí wọ́n ti fi okùn dì. Wọ́n ní obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ló ń bọ̀ wá gbé e, kó máa lò ó kó má baà dípẹtà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, wọn ò sì wojú mi. Tíṣà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ mi, mi ò rí Àǹtí kí wọ́n jókòó kí aṣọ má wà lórí itan wọn.

Mo ní kí wọ́n bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kí n wò ó. Òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kí n tó lanu, wọ́n ti fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, bí ohun tó ti mọ́ wọn lára, òwú sì wọlé. Mo ní ó dáa, ẹ bo òsì. Wọ́n ní àwọn ò tilẹ̀ rí abẹ́rẹ́ náà rárá. Mo bọ́ awò lójú wọn, eré ni mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sórí ẹ̀rọ tí a fi ń ka nọ́ńbà dígí. Ọ̀tún àti òsì, nọ́ńbà kan náà. Mo ṣí ètò wa, mo ní kó tẹ ojú ọ̀tún jáde kí ó tó kan ìlà rẹ, kó tún un tẹ̀ nígbà tí mo bá ti yí nọ́ńbà òsì tán. Kí ó tó kan ìlà rẹ, ó pé. Lẹ́yìn ẹ̀, ó ti di òsì. Ìwé àlàyé PHP karùn-ún wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba gbàǹgbà pé ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ̀dà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, clone. Mo fi kún un, ojú di méjì. Ohun tó fẹ́ ba ayé Àǹtí mi jẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní ká pe gbogbo ẹni tó gba awò lẹ́yìn rẹ padà, ká tún tiwọn ṣe. Ọ̀gá ní ẹnu mi gùn, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ iṣẹ́. Wọ́n pè ọ́, wọ́n sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ gbayawu. O ò mọ̀ pé mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, Tíṣà. O ní háà, ṣé ìyẹn ni, o ti mọ̀ nípa ẹ̀ kí o tó gbé wa sórí tuntun. O ní o ti kìlọ̀ fún mi títí ẹnu rẹ fi bó, ṣùgbọ́n orí mi kì í gba nǹkan. O wá ṣàlàyé clone fún Ọ̀gá, ohun tí mo ti ṣe tán, o ṣàlàyé ẹ̀ kúnnákúnná, ohùn rẹ ń dán. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ní kò tọ́pẹ́.

Ká ní o gbàgbé ni, màá ní kò burú, ta ni kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n o mọ̀. Mo bi ọ́, o mọ̀, o sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rò ó títí, ohun tí mo rí ò ju pé o ò dán nǹkan kan wò kí o tó gbé wa sórí tuntun, o ò sì fẹ́ kí Ọ̀gá mọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn àgbà ti rí irú rẹ rí.

Ọ̀gá pe àwọn oníbàárà padà, ìyẹn wọ́n ṣe, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé Tíṣà ló bá wa rí i. Wọ́n sọ ọ́ fún Àǹtí náà. Àǹtí gbé awò tuntun sójú, wọ́n wo ara ògiri, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n sunkún. Wọ́n délé, wọ́n tú okùn lára ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀ ni ẹ̀wù tìrẹ. Wọ́n ní àwọn ò lè gba irú oore yìí káwọn dákẹ́, ìwọ̀n rẹ sì wà lórí wọn láti ìgbà tí o ti ń wá sílé. Wọ́n ń rán an, wọ́n ń gbàdúrà fún ọ, pé ojú rẹ ò ní ríbi, pé ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń ṣe àmín.

Mo gbìyànjú kí n pa á mọ́ra. Mo ní àgbà ni wọ́n, kí inú wọn ṣáà dùn. Kò ṣeé ṣe. Nígbà tó ku bọ́tìnnì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, látorí ìlà rẹ dórí fóònù Ọ̀gá. Mo rò pé wọ́n á ya ẹ̀wù náà sọ́tùn-ún sósì, inú mi ì bá sì dùn. Wọ́n rán àwọn bọ́tìnnì tó kù mọ́ ọn, wọ́n fi eyín gé òwú, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gbé e kọ́.

Má pè mí mọ́. Bí ètò yìí bá dàrú lọ́la, màá tún un ṣe fúnra mi, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, màá kà á. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o bá mi gbé ọmọ mọ́ra. Kí o kí Màmá, kí o má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, ojú ni yóò tì wọ́n. Àwọn tí ò ń kọ́ ní kíláàsì náà, mo kí wọn, mo sì káàánú wọn. Mo bi Àǹtí pé ṣé kí n fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ó wà lórí ìkọ́, kí o wá mú un fúnra rẹ, torí àwọn fẹ́ fi ojú àwọn méjèèjì wò ọ́.

                                        Èmi tí mo ti fìgbà kan jẹ́ tìrẹ,
                                        Pẹ́pẹ́yẹ.