Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Keturah Lowder, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Ọ̀nà Wọ́

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1823, ilé ọtí ni kóòtù jókòó sí ní Harlan's Lick, nítorí ilé kóòtù kò tíì ní òrùlé. Èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé ka ìwé ẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tuntun, ó ka orúkọ baálé ilé méjìlá tí òfin bèèrè, ó wá gbójú sókè: "Ta ló rìn káàkiri kó orúkọ wọ̀nyí jọ?"

Ọmọbìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Ọmọge, ọkọ lò ń wá ni àbí ọ̀nà?"

"Ọ̀nà ni, sà. Tó bá ti là, ọkọ á gba ibẹ̀ wá."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì gbàgbé ohun tó bá wá sí kóòtù. Enos Lowder, bàbá wa, ni. Ọmọbìnrin ẹlẹ́rẹ̀ náà ni Màmá wa, Keturah, tí a pé jọ lónìí láti sin.

A bí Màmá ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1804 ní Kentucky, sínú ìdílé Jephthah Stallcup àti Rhoda, aya rẹ̀. Ọmọ Stallcup ni wọ́n, àwọn tó ré odò Ohio kọjá ní 1816 pẹ̀lú màlúù méjì àti èso ápù nínú àpò. Ìyá Àgbà Rhoda ló gbin èso náà sí Indiana níbí. Oṣù mẹ́ta péré ni Màmá fi jókòó ní ilé ìwé. Inú Bíbélì ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ìyókù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1819, ìrọbí mú Ìyá Àgbà Rhoda, odò Sycamore sì ti kún. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni agbẹ̀bí dúró ní òdì kejì, tó ń pariwo ohun tí wọn yóò ṣe. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń sá lọ sá bọ̀ láàárín odò àti ibùsùn. Àtìyá àtọmọ ló lọ. Etí odò yẹn ni Màmá ti pinnu pé ọ̀nà yóò dé ilé àwọn, afárá yóò sì wà lórí omi náà.

Nígbà tí kóòtù gba ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn, wọ́n yan ọkùnrin mẹ́ta láti rin ọ̀nà náà wò, wọ́n sì mú wọn búra pé àwọn kò ní ṣe ojúsàájú. Bàbá wa Enos wà lára wọn. Wọ́n ta ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n fi àáké ṣá àmì sára igi. Ìlà tó tọ́ la àárín oko ápù Bàbá Àgbà Jephthah kọjá, lọ sí ibi tí odò ti fún tí àpáta wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibòmíràn tí ọ̀nà lè gbà, àbàtà ni. Bàbá Àgbà yarí.

"Odò gba Rhoda. Kóòtù tún fẹ́ gba igi tí Rhoda gbìn? Ẹni tó bá la ọ̀nà gba ibí kò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé!"

Bẹ́ẹ̀, Enos ti dẹnu ìfẹ́ kọ Màmá, Màmá sì ní lẹ́tà lòun yóò fi dáhùn. Enos bá wọn lábẹ́ igi ápù, ìfẹ́ ń pa á bí ọtí.

"Keturah, mo lè ní kí ọ̀nà yà gba àbàtà. Ohun tí a bá sọ ni kóòtù máa gbà."

Omi lé ròrò sójú Màmá, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò gbọ̀n. "Ẹ búra àbí ẹ ò búra? Àbàtà ò lè gbé afárá dúró. Tí ẹ bá torí mi tẹ ọ̀nà yìí, ẹ ò rí mi mọ́ nìyẹn."

"Lẹ́tà mi ńkọ́?"

"Ó ti wà ní kíkọ. Ọjọ́ tí agbẹ̀bí bá ré odò yìí kọjá nígbà ìkún omi, tí bàtà rẹ̀ gbẹ, ẹ ó gbà á."

Enos lọ jẹ́rìí òdodo. Ní 1824, nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀nà tí òfin dì lé gbogbo ọkùnrin lórí pé, kò sẹ́ni tó láyà àtigbé àáké wọ oko ápù. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló jáde, ó gé igi àkọ́kọ́ lulẹ̀. "Igi Rhoda nìyí. Àlejò kọ́ ni yóò gé e." Ó na àáké náà sí Enos. "Ìwọ ńkọ́, ìran lo wá wò?" Bí àna ṣe gba àna wọlé nìyẹn.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1826 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin àkọ́kọ́ gba ọ̀nà náà. Bàbá bèèrè lẹ́tà lọ́jọ́ náà gan-an. "Mo dúró níwájú yín tọwọ́tẹsẹ̀," Màmá fèsì, "lẹ́tà lẹ ń bèèrè!"

Màmá ń gbọ́únjẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà lọ́dọọdún, búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀wà, wọn kì í sì í gbowó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ọ̀nà mẹ́sàn-án ní àgbègbè yìí, ọwọ́ wọn ló kọ ọ́. Láti 1829 ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ń péjọ ní pálọ̀ wọn ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàdúrà fún afárá, Màmá á ṣe àmín, wọn á fi kún un pé, "Ọlọ́run kì í bá wa la igi o." Afárá méjì ni ìkún omi gbé lọ, ní 1834 àti 1852.

"Ìyá Rhoda, lẹ́tà mi dà?" ni Bàbá á máa bèèrè, torí Rhoda ni àkọ́bí wọn ń jẹ́.

"Bàbá Rhoda, ọ̀nà ò tíì parí."

Màmá papòdà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1871. Wọ́n fi ọkọ sáyé, Bàbá Enos. Àti ọmọ márùn-ún: Rhoda agbẹ̀bí, Asahel, Lucinda, Jotham àti Permelia. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kàndínlógún. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni èyí tó kéré jù nígbà tí Màmá lọ.

Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ náà, odò Sycamore kún ju ti 1819 lọ. Ìyàwó Jotham ń rọbí nínú yàrá kejì, Màmá wà lórí ibùsùn àìsàn. Rhoda wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin láti ìlú, ó gba orí afárá tuntun, tí í ṣe ìkẹta, ó wọlé. Màmá ní kó kọ́kọ́ sún mọ́ òun. Wọ́n nawọ́, wọ́n fọwọ́ kan bàtà rẹ̀, ọ̀tún àti òsì.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí. "Lọ gbẹ̀bí."

Nígbà tí ọmọ ké, wọ́n fa lẹ́tà kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1823, ọjọ́ kejì kóòtù, kí Bàbá tó dẹnu kọ wọ́n rárá.

"Bàbá Rhoda," Màmá wí, "ẹ gbà." Wọ́n fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Màmá, ọ̀nà ti parí. Ẹ gba ibẹ̀ lọ 're o.