Kùùkù Àgbàdo Wà Lẹ́nu Ẹ́ńjìnnì

Franck, ọkọ mi, o kú oorun. Má tíì ṣáná sí ọkọ̀ o!

Nígbà tí o dán imú tuntun tí o ṣe fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti máa fa afẹ́fẹ́ wò láàárọ̀, mo jó yí àgbàlá ká. Ohùn rẹ̀ ti ki bíi ti bàbá tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Àmọ́ mo gbọ́ fèrè tín-ín-rín kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò bá orin mu. Bí o ṣe wọlé lọ sùn, mo yọjú wò ó, mo rí ihò kan tó lanu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú náà.

O ní rọ́bà méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ṣẹ́kù. Ta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún rí tí ìfun rẹ̀ ṣẹ́kù? Èyí tó tín-ín-rín ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Eruku ọ̀nà Anié ló bà mí lẹ́rù, mo bá fi kùùkù àgbàdo dí ihò náà. Ó ti wọlé jù, ọwọ́ mi ò tó o mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ́ńjìnnì má gbé e mì. Má bínú.

Mo ti lọ kọrin ìsìnkú ní Kamina. Rọ́bà méjèèjì wà nínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ńkọ́? Mo so ó mọ́ etí aṣọ mi. Fẹsẹ̀ rìn wá gbà á, kí o kọ́kọ́ yọ kùùkù náà, kí o mú un dání, kí n rí i pé ó pé.

Ìyá rẹ àgbà