Ta Ló Dákẹ́ Nínú Ìtàn Yìí?

Bàbá, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà rèé tí bírò pupa yín ti wà nínú ife orí fìríìjì. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo jí i mú lóṣù tó kọjá, mo fi ha ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Kò kọ nǹkan kan. Yíǹkì inú rẹ̀ ti gbẹ.

Àwọn nǹkan kan ti yí padà. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ti ní òrùlé báyìí. Màmá ń fi awò ojú yín kàwé. Wọ́n ní àwọn kò rí ìyàtọ̀ kankan, pé ojú tọkọtaya ti bára mu tipẹ́. Èmi náà ti jáde ní yunifásítì, mo sì ti ríṣẹ́: àṣìṣe inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n gbà mí pé kí n máa wá. Ẹ ì bá rẹ́rìn-ín.

Ilé-ìwé yín náà ti yí padà. Ọ̀gá àgbà ti gbé àwòrán yín kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kọ “Olùkọ́ Àwòkọ́ṣe” sábẹ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti yin ẹni tí kò lè dáhùn mọ́!

Ṣé ẹ rántí ohun tí ọ̀gá yìí kan náà sọ fún yín lọ́dún tó ṣáájú ikú yín? Òbí kan ló kọ̀wé sí i pé ẹ ń fi ìtàn òrìṣà àwọn ará Gíríìkì ṣòfò àkókò ọmọ òun. Ó pè yín, ó ní kí ẹ máa sọ ìtàn náà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ yéé ní kí àwọn ọmọ kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ẹ kọ ìbéèrè, kí ẹ to ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fàlà sí èyí tó tọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wa nídìí tábìlì oúnjẹ, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bí ọmọ bá ti fàlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó fò sún mọ́ oòrùn, tí ìda tó fi lẹ ìyẹ́ mọ́ra yọ́, ta ni yóò wá bèèrè apẹja tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀, tó rí i bó ṣe ń já bọ̀? Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ oúnjẹ yẹn tán.

Ọ̀nà tí ẹ fi ń kọ́ni nìyẹn, kò sí òmíràn. Ẹ ó sọ ìtàn tán, ẹ ó pa ìwé dé, ẹ ó wá bèèrè pé, “Ta ló dákẹ́ nínú ìtàn yìí?” Ẹni tí ìtàn kò fún lẹ́nu ni kí olúkúlùkù lọ wá, kí ó sì kọ ojú ewé kan láti ẹnu rẹ̀. Lórí ìtàn ọkùnrin tí wọ́n fìyà jẹ, tó ń yí òkúta gun òkè lójoojúmọ́, tí òkúta náà ń yí padà sílẹ̀, ọmọbìnrin kan kọ tirẹ̀ láti ẹnu òkúta: ó ní ó ti rẹ òun náà, kò kàn sẹ́ni tó bi òun ni. Ẹ fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ ní ẹyọ kan tó kù, àmì ohùn tó gbàgbé ló gbé e lọ. Tíṣà Ta-ló-dákẹ́ ni wọ́n ń pè yín, ẹ sì ń jẹ́ ẹ.

Kíláàsì kẹta ni ó kàn mí. Ẹ kò pè mí lọ́mọ nínú kíláàsì rí. “Ìwọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé” lorúkọ mi. Ẹ sọ ìtàn ọba kan tó ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ilé kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní lè jáde mọ́. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ẹ̀dá kan mọ́, ara ènìyàn, orí màlúù. Wọ́n ń rán àwọn ọ̀dọ́ sí i kí ó máa pa wọ́n jẹ, títí akọni kan fi wọlé pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, tó pa á, tó sì tẹ̀lé òwú náà jáde. Ta ló dákẹ́? Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n: Olórí-màlúù ni.

Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu màlúù. Mo fi rúlà ya ilé náà, yàrá mọ́kàndínlógójì, mo sì fi ìlà búlúù tọ́ka sí ọ̀nà tó yá jù láti jáde láìlo òwú rárá. Mo rò pé ẹ ó pàtẹ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, “O tú u. O kò kọ ọ́. Tún un ṣe.” Òdo nínú mẹ́wàá! Fún ọmọ yín!

Mo bínú, mi ò tún un ṣe. Ẹ̀yin náà kò gbàgbé. Nígbà tí mo dé yunifásítì, tí ẹ bá pè mí lórí fóònù, tí ẹ ti bèèrè oúnjẹ àti ìdánwò tán, ẹ ó ní, “Màlúù mi ń kọ́?” Èmi náà á ní ó ń jẹko. Télọ̀ tó wà nílé kejì gbọ́ ọ títí, ó fi fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bèèrè ibi tí a ń so ó mọ́, nítorí òun kò gbọ́ kó ké rí.

Nígbà tí àìsàn gbé yín dè, gbogbo ẹbí wọlé tọ̀ yín wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀nà àbájáde tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín mọ dókítà kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín mọ òmíràn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń jiyàn lórí yín bí ẹni ń pín ilẹ̀. Èmi ni mo burú jù. Mo to orúkọ ọsíbítù méjìlá sínú ìwé, mo kọ àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín, mo ń ka ìwé náà sí yín létí. Ẹ wò mí títí, ẹ wá ní, “Màlúù mi ń kọ́?” Nọ́ọ̀sì rò pé ọkàn yín ti ń ṣáko, ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo wọkọ̀ padà síbi tí mo ti ń kàwé.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ìrora fi ń mú yín kígbe lẹ́yìn ìyẹn. Màmá ń pè mí, mo sì ń gbọ́ yín lẹ́yìn ohùn wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo wà nínú láíbìrì, mo ń tú àlọ́ olónọ́ńbà kan, fóònù dún. Màmá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀: “Bàbá yín ti dákẹ́.”

Ọkàn mi balẹ̀, Bàbá. Mo rò pé oògùn ti ṣiṣẹ́, pé ìrora ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀, ẹ sì ti sùn. Mo ní, “Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí wọn o.”

Màmá pa fóònù. Mo padà sídìí àlọ́ mi, mo tú u tán, mo lọ jẹun. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi pè, tó ń sunkún, tí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Èmi! Ọmọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ni fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n! Màmá kò dárúkọ ìpè yẹn fún mi rí, títí di òní. Wọn ì bá tiẹ̀ bú mi.

Lọ́dún tó kọjá mo ra búrẹ́dì nítòsí ibùdókọ̀. Mo tú u, mo rí ọwọ́ yín, yíǹkì pupa, lára ìwé tí wọ́n fi wé e: “Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni òkúta rí nígbà tó dé òkè?” Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi. Oníbúrẹ́dì ní wọ́n palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan mọ́ nílé-ìwé ni, wọ́n kó o fún òun lófẹ̀ẹ́. Ó ní ìwé gidi ni, kì í tètè ya. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n fi ń wé búrẹ́dì, àwòrán yín sì ń rẹ́rìn-ín lára ògiri! Ewé mọ́kànlá ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kó ìwé ìròyìn fún un, mo fi pààrọ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi ló ni ewé náà báyìí. Tíṣà lòun náà, nílé-ìwé mìíràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bi kíláàsì rẹ̀ pé ta ló dákẹ́, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Àwa ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ní ká dákẹ́.” Ó ní òun fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Inú yín ì bá dùn. Ibẹ̀ nìkan ni nǹkan kan ti dùn lọ́dún yìí.

Ní tèmi, mo ti tún un ṣe. Mo kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, lórí tábìlì yín, nínú yàrá ẹ̀yìn:

“Èmi ni mo ń gbé inú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rò pé àlejò mi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde ni gbogbo wọn ń wá. Eléyìí ń ka igun ògiri, ìyẹn di òwú mú. Kò sẹ́ni tó jókòó. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ya gbogbo ilé náà sínú ìwé. Ó mọ gbogbo yàrá inú rẹ̀, àfi èyí tí mo wà.”

Kò kún ojú ewé kan, Bàbá. Ẹ yọ máàkì nítorí pé ó pẹ́, ẹ yọ òmíràn bí mo bá gbàgbé àmì ohùn. Màmá ti kà á. Wọ́n bọ́ awò ojú yín, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú bírò inú ife, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin lẹ dákẹ́. Àyè yín ṣì ṣófo nídìí tábìlì, a ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà, a ṣì fẹ́ràn yín, Màmá, àbúrò mi, àti èmi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Màlúù yín rèé.