Wọ́n Ti Ta Òtẹ́ẹ̀lì Wa

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le koko. Wọ́n ti ta òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú tí mo ti ń gbá yàrá, ẹni tó rà á sì ń tún un ṣe. Wọ́n ti yọ gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Àlejò lọ, òṣìṣẹ́ lọ. Èmi nìkan ni mò ń sùn ní àjà kẹta bí ọba.

Lánàá, kí n tó wọ yàrá kan gbálẹ̀, mo kan férémù tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wọlé?" Àṣé ọ̀gá tuntun wà níbẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Ṣebí mo ní kí gbogbo yín máa lọ?"

"Mo lọ, ọ̀gá. Mo ti padà dé ni."

"O mọ ọ̀dà kùn?"

"Inú agolo ọ̀dà ni wọ́n bí mi sí!"

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú mi fó pé mi ò kun ọ̀dà rí. Ọ̀gá ní kí n fi ògiri kan dánra wò. Mo ti kun ògiri náà àti gbogbo irun orí mi. Ó ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí. Tí kò bá dáa, màá tún un kùn. Mi ò kúrò níbí.

Kí àbúrò mi fi súwẹ́tà mi ránṣẹ́. Òtútù ò mú mi o, ó kàn wù mí ni. Ẹ bá mi kí bàbá.

Ọmọ yín,
Ọba Àjà Kẹta