Igbó Tí Wọ́n Pín ní Ìpetu

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Kafanchan. Mo kí àwọn àbúrò bàbá mi, mo kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ. Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé, ó ń la ètè wa, irin rélùwéè sì máa ń tutù rinrin bí a bá kọ́kọ́ dì í mú láàárọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, èèyàn lè wo ọ̀kánkán títí kó má rí igi ńlá kan. Ìgbà náà ni àárò ilé máa ń sọ mí jù.

Lóṣù tó kọjá, Màmá Ṣadé tó ń kó obì wá sókè yìí sùn lọ́dọ̀ mi. Ó rò pé mo ti gbọ́. Ó ní ẹ lọ já ewé eéran nínú igbó ìlú bí ẹ ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge yín, ni ọkùnrin kan tó ra ìpín kan níbẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú wa bá yọ sí yín, ó da apẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀, ó pè yín lólè. Ẹ kò bá a jà. Ẹ ṣa ewé náà jọ, ẹ tò ó síwájú rẹ̀, ẹ gba ilé lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà ẹ kì í fẹ́ jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ olè yẹn ti dé ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí, kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ìyá mi kì í ṣe olè.

Mo wà nílé nígbà tí wọ́n jiyàn lórí igbó náà. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi Adé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní bí a kò bá pín in, àwọn agégẹdú yóò gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Pé àwọn ọmọ wa kò rí ilẹ̀ gbin kòkó. Pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni obìnrin tó dìde. Ẹ ní, “Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú wa.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ẹ jókòó. Wọ́n sì pín in.

Bí Màmá Ṣadé ti lọ, mo kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n Adé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìpín tèmi lẹ́bàá odò, kí ẹ̀yin àti ẹni tó bá fẹ́ já ewé tàbí ṣa ìgbín máa wọ ibẹ̀ láìbẹ̀rù. Èsì rẹ̀ dé lánàá. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi kọ ọ́. Ó ní òun ti bá mi ṣán an, òun ti sun ún láti èṣí, kòkó tí òun gbìn síbẹ̀ ti ga dé orúnkún, kí n lè rí nǹkan bá nílé bí mo bá dé. Yèyé, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú sí i.

Bí mo bá wálé lọ́dún Àjíǹde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ìpín náà. Ẹ óò fi ibi tí igi kọ̀ọ̀kan dúró sí tẹ́lẹ̀ hàn mí, ẹ óò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́run yóò dá yín sí dè mí. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọládiípọ̀