Ẹ Máa Kí Mi Kú Ìrìn

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ara mi le.

Ṣebí ẹ bi mí lórí fóònù pé ta ló rán mi lọ sáàárín pápá àgùntàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìrìn ìgbafẹ́ ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn Damastown, àdúgbò iléeṣẹ́ ní Dublin níbí, tó gba etí odò dé abúlé. Èmi ni mò ń kó àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa lọ. Ẹni tó bá pẹ́, a ò dúró dè é. Munirat ọ̀rẹ́ mi ní, "Karimot, o ti sọ pápá di ọ́fíìsì, ìwọ ọ̀gá!" A rẹ́rìn-ín.

Tí ẹ bá tún pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi kú iṣẹ́ ná, torí mi ò tíì ríṣẹ́. Kú ìrìn ni kí ẹ máa kí mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ṣe àdúà fún mi.

Karimot yín